Láti Bódìjà dé Heathrow: Ìṣírò Jíjìn àti Àkókò Ìrìn-àjò Òfurufú fún Ará Ìbàdàn

Pápákọ̀ òfurufú Alákìá ní Ìbàdàn àti pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù jìnnà síra wọn tó nǹkan bíi 4,920 kìlómítà. Láti pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow kan náà, ó tó 5,000 kìlómítà. Ìbàdàn ló sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ, pẹ̀lú nǹkan bíi 80 kìlómítà. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń gbé èrò láti Alákìá lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ará Ìbàdàn tó bá ń lọ sí ọ̀hún ní láti kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù dé Èkó, kí bàálù tó gbé e padà sí ìhà àríwá tó ti wá. Nítorí náà, ìṣírò ìrìn-àjò rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bàálù. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, yálà ní Bódìjà, Àgbówó, Dùgbẹ̀, Ring Road tàbí Challenge.

Bí wọ́n ṣe ń wọn jíjìn

Ayé rí róbótó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ jíjìn ìlú méjì síra wọn kò gbọdọ̀ gbé rúlà lé àwòrán ayé tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri kíláàsì, torí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń na àwọn ilẹ̀ tó wà ní òkè àríwá, ó sì máa ń fẹ̀ wọ́n ju bí wọ́n ṣe tó lọ. Àwòrán ayé olóbìrípo ló dára, irú èyí tó máa ń wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Kí ó mú òwú, kí ó fi orí kan sí Èkó, kí ó fi orí kejì sí ìlú tó ń lọ, kí ó fà á le. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ òfurufú máa ń gbìyànjú láti tọ̀, bí ojú ọjọ́ àti òfin bá gbà wọ́n láyè.

Láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, òwú àti rúlà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ọgba, nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá. Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó lè fi ṣe ìṣírò náà láìsí kọ̀ǹpútà. Pápákọ̀ Murtala Muhammed wà ní ìwọ̀n 6.58 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Heathrow wà ní ìwọ̀n 51.47. Tí wọ́n bá yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, ó ku 44.89. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan láti gúúsù sí àríwá tó nǹkan bíi 111 kìlómítà. 44.89 lọ́nà 111 jẹ́ 4,983, èyí tó fi díẹ̀ dín sí 5,000 tí ẹ̀rọ ìṣírò máa ń gbé jáde. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn wá láti inú bí Èkó ṣe yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà. Washington, Atlanta àti Houston wà jìnnà réré sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tí òwú gbà sì máa ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ sí àríwá, tí wọ́n bá yà á sórí àwòrán ògiri. Ẹni tó bá rí ọ̀nà ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́yìn àga inú bàálù lè rò pé awakọ̀ ń rìn yíká. Kò rìn yíká rárá. Àwòrán pẹrẹsẹ ni kò sọ òtítọ́.

Láti Èkó dé pápákọ̀ Dulles nítòsí Washington tó nǹkan bíi 8,750 kìlómítà. Láti Èkó dé JFK ní New York kò ju nǹkan bíi 8,440 lọ. Atlanta tó 9,400, Houston sì sún mọ́ 10,500. Tí wọ́n bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Jeddah tí àwọn alálàájì ń lọ tó 4,200 kìlómítà, Dubai sì tó 5,900. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí iye tó gbẹ̀yìn yìí: Dubai jìnnà sí Èkó ju Lọ́ńdọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń sọ̀rọ̀ Dubai bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ni.

Ohun kan tún máa ń da ènìyàn lójú rú, ìyẹn ni orúkọ òṣùwọ̀n. Máìlì tí àwọn ará Britain àti Amẹ́ríkà ń lò lójú títì jẹ́ 1.609 kìlómítà. Àwọn awakọ̀ òfurufú, bíi ti àwọn atukọ̀ ojú omi, ní máìlì tiwọn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 1.852 kìlómítà. Èkó sí Heathrow jẹ́ 5,000 kìlómítà, ó jẹ́ nǹkan bíi 3,110 máìlì ojú títì, ó sì jẹ́ 2,700 máìlì awakọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èwo ló tọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sí ìdí iye náà.

Bákan náà ni lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. LOS ni ti Èkó, IBA ni ti Ìbàdàn, ABV ni ti Àbújá. Lọ́ńdọ̀nù ní ju ọ̀kan lọ: LHR ni Heathrow tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú, LGW ni Gatwick tó wà ní ìhà gúúsù lẹ́yìn ìlú. Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí British Airways àti Virgin Atlantic ń balẹ̀ sí Heathrow láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn sí i létí lórí fóònù. Nǹkan bíi wákàtí kan lójú ọ̀nà ló wà láàárín Heathrow àti Gatwick.

Wákàtí tí ọkọ̀ ń lò lókè

Bàálù ńlá tó ń kọjá òkun máa ń sáré tó nǹkan bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán, ní ibi gíga tó máa ń wà láàárín 35,000 sí 40,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n kì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣírò tó súnmọ́ òtítọ́ fi jẹ́ kí wọ́n fi 850 pín jíjìn náà, kí wọ́n sì fi ààbọ̀ wákàtí kún èsì rẹ̀. Fún Èkó sí Heathrow, 5,000 tí wọ́n bá fi 850 pín jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 6 ó dín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ààbọ̀ wákàtí bá wọ inú rẹ̀, ó di wákàtí 6 àti nǹkan bíi ìṣẹ́jú 25. Ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń kọ ni wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Wọ́n bá ara wọn mu dáadáa.

Àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àkókò inú afẹ́fẹ́ nìkan. Láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ìdúró rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, títí di ìgbà tó bá dúró síbi tí èrò máa gbà jáde. Ọkọ̀ lè wà lórí ilẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó tó gbéra. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, kí ìdádúró kékeré má baà di pípẹ́ dé. Ìyẹn ló fà á tí awakọ̀ fi máa ń kéde nígbà mìíràn pé wọ́n máa tètè balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbéra.

Lórí ọ̀nà Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Ìjì líle kan wà lókè níbi tí àwọn bàálù ńlá ń fò, tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le jù ní ìgbà òtútù àwọn ará àríwá. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Atlanta ń kojú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Èkó ń gùn ún wálé. Fún ìdí yìí, àlọ láti Èkó sí Atlanta máa ń lé ní wákàtí 12, nígbà tí àbọ̀ máa ń wà ní àyíká wákàtí 11. Jíjìn kan náà ni, òwú kan náà ni, ṣùgbọ́n àlọ àti àbọ̀ kì í dọ́gba. Láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ náà kéré, torí ọkọ̀ ń gé afẹ́fẹ́ yẹn kọjá ní ìbú ni, kì í kọjú sí i tààrà.

Òṣèlú náà ní ọwọ́ nínú wákàtí. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń kọjá lójú òfurufú àwọn orílẹ̀-èdè tó wà láàárín Nàìjíríà àti Òkun Mẹditaréníà, kó tó gba orí òkun náà dé ilẹ̀ Faransé. Ní 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Ní 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa, wọn kò sì ṣí i títí di 4 oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn, Libya àti Sudan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ibi tí ọkọ̀ èrò kò lè gbà. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ láàárín Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní láti yí gba ibòmíràn, ìyípo náà sì lè tó 1,000 kìlómítà, èyí tó ju wákàtí kan lọ. Láàárín oṣù yẹn, èèyàn tó fi ìṣírò òwú lásán mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ máa balẹ̀ máa dúró pẹ́ níbi ìpàdé.

Àwọn àgbà Ìbàdàn tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ń ná Èkó àti Liverpool mọ ohun tí jíjìn jẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, máa ń lo nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Lẹ́tà tí ìyá bá kọ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lè pẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó bá bá ọkọ̀ náà lọ. Kí ènìyàn rántí èyí dára nígbà tí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ bá ń sú u.

Aago méjì lọ́rùn ọwọ́ kan

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú tí ọkọ̀ wà nígbà náà. Aago ìgbéra jẹ́ ti Èkó, aago ìbalẹ̀ jẹ́ ti ìlú kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, tí wọ́n á sì sọ pé iye wákàtí tí ọkọ̀ lò nìyẹn. Àṣìṣe ńlá ni.

Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà láti ọdún dé ọdún. Britain máa ń yí tirẹ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n á sún un síwájú, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá a padà. Nítorí náà, láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago Ìbàdàn àti aago Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, Ìbàdàn fi wákàtí kan ṣíwájú. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Èkó ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ nínú oṣù Keje, tó sì lo wákàtí mẹ́fà àbọ̀, á balẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ kan náà nínú oṣù Kìíní á balẹ̀ nígbà tí aago ara ògiri Heathrow ń sọ pé aago márùn-ún ni. Kò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti Amẹ́ríkà tún le sí i. Washington, New York àti Atlanta máa ń fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn Ìbàdàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí mẹ́fà ní ìgbà òtútù. Houston tún fi wákàtí kan sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sì yí aago padà ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Britain: ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta wà nínú oṣù Kẹta tí òǹkà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ á ṣì wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó wọ ọkọ̀ míràn lọ sí Amẹ́ríkà ní àkókò yẹn gbọ́dọ̀ tún ìṣírò rẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà tó dájú láti mọ iye wákàtí ìrìn-àjò ni kí wọ́n sọ aago méjèèjì di aago Ìbàdàn. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ kan kúrò ní Washington ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kìíní, ó sì balẹ̀ sí Èkó ní aago mẹ́ta àbọ̀ òru ní aago Washington. Fún aago Ìbàdàn, kí wọ́n fi mẹ́fà kún méjèèjì: ó gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó balẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ ni. Ọjọ́ ti yí padà. Ẹni tó fẹ́ lọ gbé èrò náà gbọ́dọ̀ wo déètì ìbalẹ̀, kì í ṣe ti ìgbéra.

Ọ̀nà tó wà kí bàálù tó gbéra

Láti Alákìá dé pápákọ̀ Murtala Muhammed, okùn tààrà kò ju nǹkan bíi 114 kìlómítà lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, gùn tó nǹkan bíi 127 kìlómítà. Bàálù á parí irú jíjìn yẹn kí ènìyàn tó mu ife tíì kan tán. Lójú títì, ó lè jẹ́ wákàtí méjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá, ó sì lè jẹ́ wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé.

Ẹni tó ń gbé ní Challenge tàbí Ring Road ló rọrùn fún jù, torí ìhà ọ̀hún ni Toll Gate wà, ojú ọ̀nà Èkó sì nìyẹn. Ará Dùgbẹ̀ máa gba ìhà kan náà. Ará Àgbówó àti Bódìjà lè gba Òjóò tàbí Ìwó Road bọ́ sí òpópónà, ṣùgbọ́n àkókò tó máa lò kí ó tó kúrò nínú Ìbàdàn nìkan lè tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan, pàápàá ní ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ni Ògèrè, oríta Ṣàgámù, Mowé, Ìbàfò, afárá gígùn tó wà ṣáájú Bẹ́gà, kí wọ́n tó wọ Ìkẹjà. Láti Mowé dé Bẹ́gà ni ibi tó máa ń há jù lọ.

Kàlẹ́ńdà ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì bíi tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjọ Redeemed máa ń ṣe ìsìn Holy Ghost ní Redemption City tó wà lójú ọ̀nà yìí ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, èrò tó ń lọ síbẹ̀ sì máa ń pọ̀ débi pé ọkọ̀ lè dúró gbagidi fún ìgbà pípẹ́. Ìpàgọ́ ńlá wọn ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kejìlá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìbàdàn ní àárọ̀, tàbí kí ó lọ sùn sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀. Owó ilé ìtura alẹ́ kan kéré sí owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Rélùwéè jẹ́ àǹfààní tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò òfurufú kò tíì lò tó bó ṣe yẹ. Ìlà rẹ̀ gùn ní 157 kìlómítà, wọ́n sì ṣí i ní 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Mọ́níyà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó sún mọ́ Àgbówó àti Bódìjà ju Challenge lọ, ó sì máa ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ dé Ẹ̀bùté Mẹ́tta, lẹ́yìn tó bá ti kọjá Ọmí-Àdió àti Abẹ́òkúta. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí irin. Ẹni tó ń lọ sí pápákọ̀ kò ní láti dé Ẹ̀bùté Mẹ́tta. Ibùdókọ̀ Agége ló sún mọ́ Ìkẹjà jù. Kí ó ṣáà wo àkókò tí rélùwéè ń gbéra dáadáa, torí kì í lọ ní gbogbo wákàtí, kí ó sì ro ti ẹrù: àpótí méjì tó wọn kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá gbé láti inú rélùwéè dé inú tákísí.

Nígbà tó bá dé pápákọ̀, ó yẹ kó ku wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Ẹni tó dé lẹ́yìn ìyẹn lè rí bàálù rẹ̀ lójú, kó má sì lè wọ̀ ọ́. Kí ó tún bi iléeṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń gbéra, torí ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022 wà lọ́tọ̀ sí ilé àtijọ́ tó ti wà láti ọdún 1979.

Àpapọ̀ ìrìn-àjò kan

Tí wọ́n bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan tó ń lọ láti Bódìjà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kìíní, báyìí ló máa rí. Ọkọ̀ á gbéra ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà ní pápákọ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀. Láti Bódìjà, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lójú ọ̀nà àti wákàtí kan fún ohun tí ojú kò rò: kí ó kúrò nílé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ á balẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ìbàdàn. Ìtẹ̀ka ìwé ìrìnnà àti gbígba ẹrù lè gba wákàtí kan àbọ̀, rélùwéè tàbí ọkọ̀ láti Heathrow dé ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lè gba wákàtí kan àbọ̀ míràn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ìbàdàn ni á kan ilẹ̀kùn, ìyẹn aago mẹ́jọ ní Peckham. Wákàtí 17 ni gbogbo rẹ̀, mẹ́fà àbọ̀ péré sì ni bàálù lò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ìyá arúgbó pé wákàtí mẹ́fà ni òun máa fi dé ti fún un ní wákàtí mọ́kànlá ìdààmú láìnídìí.

Alákìá, Àbújá àti àwọn ọ̀nà yíyípo

Ọ̀nà kan wà tí kò gba ojú títì Èkó rárá. Láti Alákìá dé Àbújá tó nǹkan bíi 400 kìlómítà, ọkọ̀ sì ń fò ó láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Àbújá sí Heathrow tó 4,770 kìlómítà, ó kúrú díẹ̀ ju ti Èkó lọ, ọkọ̀ tààrà sì wà níbẹ̀. Àpapọ̀ jíjìn rẹ̀ gùn ju ti Èkó lọ, ṣùgbọ́n fún ará Bódìjà tó bẹ̀rù ọ̀nà, ó lè jẹ́ èyí tó fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Ewu rẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sábà máa ń jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọkọ̀ Alákìá bá pẹ́, ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò ní dúró. Kí wọ́n fi wákàtí márùn-ún ó kéré tán sí àárín wọn, kí wọ́n sì fi ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́. Kùrukùru ọyẹ́ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì máa ń dí ojú awakọ̀, ìfagilé ọkọ̀ sì máa ń wọ́pọ̀ nígbà náà. Èkó pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: nínú oṣù Kejì ọdún 2020, ojú ọjọ́ tó ṣókùnkùn àti ẹ̀rọ ìtọ́nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́wọ́ mú kí àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan gbé èrò Èkó lọ sí Accra, nǹkan bíi 400 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú máa ń gba Istanbul, Addis Ababa tàbí Dubai lọ. Kí wọ́n wọn ọ̀nà náà kí wọ́n tó sanwó. Èkó sí Istanbul tó 4,600 kìlómítà, Istanbul sí Lọ́ńdọ̀nù tó 2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,100, èyí tí ó ṣeé fara dà. Gba Dubai, ó di 5,900 pẹ̀lú 5,500, ìyẹn 11,400 kìlómítà, ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà lọ, pẹ̀lú wákàtí ìdúró ní àárín. Ẹni tó ń lọ sí China tàbí India ló yẹ kí Dubai jẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀. Fún Lọ́ńdọ̀nù, owó tó bá dín gbọ́dọ̀ pọ̀ gidi kí ìnira náà tó tọ́ sí arúgbó tàbí aláboyún.

Àbọ̀

Ọkọ̀ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ní ọ̀sán sábà máa ń balẹ̀ sí Èkó ní ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́. Kí wọ́n tó tẹ ìwé ìrìnnà, kí wọ́n tó rí àpótí, kí àwọn aṣọ́bodè tó yẹ̀ ẹ́ wò, ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀nà Ìbàdàn ní òru, pẹ̀lú àpótí tó kún nínú búùtù, kò bá ọgbọ́n mu. Kí ẹni tó ní ẹbí ní Ìkẹjà tàbí Agége sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ó sì wọ ọkọ̀ Challenge tàbí rélùwéè Mọ́níyà ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí Ìbàdàn ní ọjọ́ kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní òru, tó sì balẹ̀ sí Èkó ní kùtùkùtù, ló yẹ kó wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá balẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó lè máa jẹun ọ̀sán ní Bódìjà.